Obìnrin méjì tó fẹ́ra wọn: ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, àti ta ló máa fọwọ́ sí ìwé ní ọsibítù?

Àṣàkẹ́_Houston:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ìyàwó mi, obìnrin ni àwa méjèèjì, Texas nílẹ̀ Amẹ́ríkà là ń gbé, kọ́òtù la ti ṣègbéyàwó, ìwé ẹ̀rí wa sì wà nílé. Wọ́n rí kókó nínú ọyàn ìyàwó mi, àwọn dọ́kítà ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, tí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn tán kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, á tẹ̀ lé e. Mo wá lọ bá HR, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa, pé mo fẹ́ gba ìsinmi kí n lè dúró tì í, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní òun máa bi ọ̀gá òun bóyá irú ìgbéyàwó yẹn wà lára ẹ̀. Ìyẹn ọ̀kan. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé ìyá ẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, tí wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, ti gbọ́, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀ ní ọsibítù. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí nǹkan bá yíwọ́ lórí tábìlì, àwọn ni dọ́kítà máa bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n jáde síta. Kí lòfin sọ gan-an? Kí ni mo lè ṣe kí ọjọ́ tó pé?

Kúnlé_Bmore:
Sìsítà mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ HR yẹn da ọkàn yín rú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FMLA, èyí tí Clinton fọwọ́ sí ní 1993, ló ní kí òṣìṣẹ́ lè gba ìsinmi tó tó ọ̀sẹ̀ 12 láàárín ọdún kan láti tọ́jú ọkọ tàbí ìyàwó tí àìsàn tó le ń ṣe, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, íńṣọ́ránsì ìlera tó ń gbà níbi iṣẹ́ ò sì ní dúró. Òfin ò ní kí wọ́n sanwó o, ibẹ̀ ló ti ń dun èèyàn, àmọ́ ẹ lè lo ọjọ́ ìsinmi olówó tẹ́ ẹ ti kó jọ mọ́ ọn kí nǹkan lè máa wọlé.

Ọ̀rọ̀ "irú ìgbéyàwó yẹn" ti parí tipẹ́. Láti March 27, 2015 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti ní ibi tí wọ́n ti so tọkọtaya pọ̀ làwọn ń wò, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé, kò sì sóhun tó kàn wọ́n bóyá ọkùnrin méjì ni tàbí obìnrin méjì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, June 26, ni Kọ́òtù Gíga Jùlọ wá dá ẹjọ́ Obergefell, ó di pé kò sí ìpínlẹ̀ tó lè ní òun ò ní so wá pọ̀. Àní ká ní ilẹ̀ Kánádà tàbí South Africa lẹ ti ṣe é, á wọlé, tó bá ṣáà ti bófin mu níbẹ̀ tí ìpínlẹ̀ kan níbí sì lè so irú ẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni tiyín fúnra yín. Ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó oṣù 12? Ṣé wákàtí tẹ́ ẹ ṣe láàárín ọdún kan tó kọjá pé 1,250? Ṣé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yín tó wà láàárín máìlì 75 sí ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ pé 50? Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ ò tọrọ ẹ̀. Ẹ má fi ẹnu bá ọmọ yẹn sọ ọ́ mọ́, ẹ kọ ìméèlì pé ẹ fẹ́ gba FMLA láti tọ́jú ìyàwó yín tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kẹ́ ẹ kọ déètì síbẹ̀. Tí déètì bá ti dájú, ọjọ́ 30 ṣáájú ló yẹ kẹ́ ẹ sọ, tí kò bá wá tó ọjọ́ 30 mọ́, ẹ sọ lónìí kó tó dọ̀la. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù tí dọ́kítà ìyàwó yín máa kọ, WH-380-F ni tìjọba ń jẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ 15 ó kéré tán láti dá a padà.

OmoluabiTX:
Ṣé wọ́n lè ní kó mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wá ni? Torí mi ò rí ibi tí wọ́n ti bi ọkùnrin tó níyàwó nílé rí.

Kúnlé_Bmore:
Wọ́n lè béèrè ẹ̀rí pé ẹbí ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kúkurú téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ tó sì sáìn sí ìdí ẹ̀ ti tó lójú òfin. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín nìkan ni wọ́n ti ń béèrè, tí wọn ò béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó béèrè sílẹ̀, kẹ́ ẹ pe Wage and Hour Division, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí òfin yìí, ní 1-866-487-9243, ìjọba ló ni nọ́ńbà yẹn. Nǹkan míì, ọ̀gá tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ gan-an ò gbọdọ̀ pe dọ́kítà ìyàwó yín, ohunkóhun tí ì báà fẹ́ bi í. HR lè pè láti mọ̀ bóyá dọ́kítà ló kọ fọ́ọ̀mù lóòótọ́, tàbí kó ṣàlàyé ohun tó kọ síbẹ̀ tí kò yé wọn, ó tán.

Sùnmọ́nù_Chi:
Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí o, torí ẹ̀yin tí kẹ́mò wà níwájú yín ló ṣe pàtàkì fún. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gba ọ̀sẹ̀ 12 yẹn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi torí kíndìnrín, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ ọ́ nìkan ni mo máa ń gbà, ọjọ́ míì gan-an ààbọ̀ ọjọ́ ni, mo á gbé e lọ, mo á jókòó tì í, mo á gbé e padà wálé torí kì í lè wakọ̀ tó bá ti ṣe tán, ó á ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Kẹ́mò náà bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí wọ́n fi sí i lára lè má burú, ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ló máa ń dá èèyàn wólẹ̀, torí náà ẹ bẹ dọ́kítà kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọjọ́ mélòó lẹ́yìn kẹ́mò kọ̀ọ̀kan ló máa nílò èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Dọ́kítà tó bá kọ "as needed" (ìgbà tó bá nílò ẹ̀) lásán, HR á máa dá yín lọ́nà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú. Òfin yẹn ka fífún aláìsàn lọ́kàn balẹ̀ mọ́ ìtọ́jú, ó ka gbígbé e lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà mọ́ ọn, ó tún ka kéèyàn máa sáré ètò ibòmíì tí wọ́n máa gbé e lọ mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì_Bísí:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà nínú wọ́ọ̀dù sọ tèmi. Níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó yín bá lajú, tí orí ẹ̀ sì pé, òun fúnra ẹ̀ ló ń pinnu. Ìyá o, ẹ̀gbọ́n o, ẹ̀yin gan-an o, kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀rọ̀ sọ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tí dọ́kítà bá sọ pé kò lè dá pinnu ni ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tó wọlé, tí kò bá sì sí ìwé kankan tó fi yan ẹni tó máa pinnu fún un, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe tò ó. Ní Texas tẹ́ ẹ wà, ọkọ tàbí ìyàwó ló ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ ọmọ tó ti dàgbà, kó tó wá kan òbí. Nítorí náà òfin wà lẹ́yìn yín, ẹ fọkàn balẹ̀ nípa ìyẹn.

Àmọ́ ẹ fojú inú wò ó. Aago méjì òru ni, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ò mọ̀ yín rí, màmá dé, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní àwọn làwọn bí i, ọmọ àwọn ò níyàwó. Kí ni nọ́ọ̀sì yẹn fẹ́ ṣe? Kọ̀ǹpútà ló máa wò. Ẹni tí kọ̀ǹpútà bá dárúkọ ló máa gbà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ o, kẹ́ ẹ gbé ìwé tó fi yàn yín láti pinnu fún un dání, kí wọ́n ya á sínú fáìlì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí i kí n fojú ara mi rí i. Ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé ò lè gbà yín sílẹ̀ lóru. Ọsibítù tó bá ń gba owó Medicare tàbí Medicaid, ètò ìlera tìjọba, gbọ́dọ̀ bi aláìsàn bóyá ó ti ní irú ìwé yìí, òfin 1990 ló sọ bẹ́ẹ̀, torí náà kò ní jẹ́ nǹkan tuntun sí wọn.

Ti àbẹ̀wò: láti January 2011 ni àwọn ọsibítù kan náà yìí ò ti gbọdọ̀ torí pé ẹ jẹ́ obìnrin méjì dí yín lọ́nà. Aláìsàn ló ń sọ ẹni tó fẹ́ rí, òun náà ló ń sọ ẹni tí kò fẹ́ rí. Wọ́n lè ní kí gbogbo èèyàn jáde tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan lára aláìsàn, ìyẹn ò burú. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ẹbí nìkan ló lè wọlé, ẹ má bá a jà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n pe charge nurse, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ìyẹn náà bá ń ṣe kámi-kàmì-kámi, ẹ ní patient advocate, ẹni tó ń gbẹnu sọ fáwọn aláìsàn, lẹ fẹ́ rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọsibítù ló ní in.

Wálé_Àgbà:
Àbúrò mi, mo kí ọ. Ó pẹ́ tí mo ti wà nílẹ̀ yìí, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé wọ́n ja ìjà kí nǹkan tí Bísí sọ yẹn tó wà. Ní Minnesota, 1983, ọtí ló pa dírẹ́bà kan tó lọ kọlu mọ́tò Sharon Kowalski, ọpọlọ ẹ̀ fara pa gidi, kò lè rìn, kò fi bẹ́ẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Òun àti Karen Thompson ti pààrọ̀ òrùka, wọ́n ti jọ ra ilé, ṣùgbọ́n kò síwèé kankan. Kọ́òtù fi bàbá Sharon ṣe alágbàtọ́, bàbá sì ní Karen ò gbọdọ̀ fojú kàn án. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí wọn ò ríra. December 1991 ni kọ́òtù ìpẹ̀jọ́ tó gbà pé kí Karen di alágbàtọ́ ẹ̀. Ẹ wo bí ọdún ṣe gùn tó.

Ti Lisa Pond àti Janice Langbehn ló ń ṣe mí ní nǹkan jù. Ìrìn àjò ìgbafẹ́ ni wọ́n ń bá lọ ní Miami pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ní 2007, iṣan inú ọpọlọ Lisa bẹ́, wọ́n sì ti ní power of attorney, ìwé tí wọ́n fi yan ara wọn láti pinnu fúnra wọn, o. Wọ́n fi fáàsì ránṣẹ́ sí ọsibítù. Síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí wọn ò jẹ́ kí Janice àtàwọn ọmọ wọlé bó ṣe yẹ, Lisa kú síbẹ̀. Kọ́òtù lé ẹjọ́ tó pè dànù ní 2009. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dé etí Obama tó fi kọ ìwé àṣẹ ní April 2010, ibẹ̀ ni òfin àbẹ̀wò ti 2011 ti jáde. Nígbà yẹn kò sí òfin tí wọ́n lè fi lé ọsibítù létí. Ní báyìí ó wà, kó o lò ó.

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ̀mí:
Àbúrò, ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ìwé yìí ni mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Medical Power of Attorney lorúkọ ẹ̀ ní Texas, ibòmíì ń pè é ní health care proxy. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba ìpínlẹ̀, kò nílò lọ́yà. Ìyàwó rẹ ló máa kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, á sáìn níwájú nótárì tàbí níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ẹbí, má jẹ́ dọ́kítà tó ń tọ́jú ẹ̀, má sì jẹ́ ìwọ fúnra rẹ. Kó tún kọ orúkọ ẹnìkejì tó máa bọ́ síbẹ̀ tí wọn ò bá rí ọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àyè yẹn sílẹ̀ òfìfo, èmi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, torí tí ìwọ náà bá wà lójú òfuurufú lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ màmá lọ̀rọ̀ ń lọ yẹn.

Àwọn èèyàn á ní, ṣebí ìyàwó ẹ̀ ni, òfin ti fi í ṣáájú, kí la tún fẹ́ fi ìwé ṣe. Ohun tí ìwé ṣe ni pé kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè ìgbéyàwó rárá. Tí wọ́n bá rí i, ó tán. Tí ẹ bá sì rin ìrìn àjò lọ sí ìpínlẹ̀ míì, tàbí tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá gbé ọ lọ sí kọ́òtù pé ẹ ti pínyà, ìwé tó fọwọ́ ara ẹ̀ sáìn ló máa sọ̀rọ̀. Kó kọ living will mọ́ ọn, níbi tó ti máa sọ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ mí fún òun tàbí kò fẹ́. Ẹ jókòó sọ ọ́ dáadáa, ó nira láti sọ, mo mọ̀, àmọ́ ìwọ lo máa dúró níwájú dọ́kítà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: agbára tí ìwé ìlera yẹn fún ọ máa ń parí tí ẹni náà bá ti kú. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ti báǹkì àti owó ilé náà lọ́tọ̀. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i, ẹ ṣe é ṣá.

Tọ̀pẹ́_NYC:
Àwa tá ò tíì ṣègbéyàwó ńkọ́? Èmi àti ọkùnrin mi ti jọ ń gbé ó ti pẹ́. Ohun tí mo ti rí ni pé FMLA ò mọ̀ wá, ọkọ tàbí ìyàwó nìkan ló kọ, domestic partner, ìyẹn ẹni téèyàn jọ ń gbé bíi tọkọtaya láìṣègbéyàwó, ò sí níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló kù. Níbí ní New York, láti 2018 ni wọ́n ti ní Paid Family Leave, ìsinmi olówó láti tọ́jú ẹbí, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ni wọ́n ń san dé ibi tí wọ́n fi òpin sí, ọ̀sẹ̀ 12 ni, wọ́n sì ka domestic partner mọ́ ẹbí, tẹ́ ò bá tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ẹ lè fi ìwé ilé tẹ́ ẹ jọ háyà àti àkáǹtì tẹ́ ẹ jọ ní hàn. California ti ń san tiẹ̀ láti 2004. New Jersey láti 2019 gbà kó jẹ́ ẹnikẹ́ni téèyàn lè fi hàn pé bí ẹbí ló ṣe jẹ́ sí òun, Colorado tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ní 2024 náà ṣe irú ẹ̀. Texas ò ní ètò ìjọba bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni, mo bá yín kẹ́dùn níbẹ̀.

Ti ìpinnu ní ọsibítù, New York àti Maryland to domestic partner sí ipò kan náà pẹ̀lú ọkọ àti ìyàwó. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ míì, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n to wa sí pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, tí wọ́n bá tiẹ̀ tò wá, ìyẹn ni pé bàbá àti màmá àtẹ̀gbọ́n àtàbúrò ló ṣáájú wa. Torí náà fún àwa, ìwé yẹn kì í ṣe ohun tá à ń rò bóyá ká ṣe.

Íńṣọ́ránsì náà wà ńbẹ̀: tí iléeṣẹ́ rẹ bá gbà kó o fi ẹnìkejì rẹ tẹ́ ò tíì ṣègbéyàwó sórí tìẹ, ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń ka owó yẹn mọ́ owó tó wọlé fún ọ, wọ́n á gba owó orí lórí ẹ̀. Tí iṣẹ́ bá sì bọ́, òfin COBRA, tó ń jẹ́ kéèyàn máa bá íńṣọ́ránsì iléeṣẹ́ lọ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá bọ́, ò fún un ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ bó ṣe fún ìyàwó tàbí ọkọ.

OmoluabiTX:
Ṣé kò ní jẹ́ pé wọ́n á yí gbogbo ẹ̀ padà lọ́la? Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Kúnlé_Bmore:
Àwọn aṣòfin ti rò ó. December 13, 2022 ni Biden fọwọ́ sí Respect for Marriage Act, ó ní ìjọba àpapọ̀ àti gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìgbéyàwó tó bófin mu níbi tí wọ́n ti ṣe é. Tí kọ́òtù bá yí Obergefell padà, ìpínlẹ̀ kan lè ní òun ò so tuntun mọ́, àmọ́ kò lè ní tẹ̀yin tó ti wà nílẹ̀ kì í ṣe ìgbéyàwó.

Ìyá_Ìbejì_ATL:
Ẹni tó bá lọ́mọ, ẹ má gbàgbé tọmọ o. Ìyàwó mi ló lóyún àwọn ìbejì. FMLA ò wo ẹ̀jẹ̀, láti June 2010 ni wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú ọmọ lójoojúmọ́, tàbí tó ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, lè gba ìsinmi torí ọmọ náà, bí kò bá tiẹ̀ bí i tí kò sì gbà á tọ́ ní kọ́òtù. Àmọ́ níwájú dọ́kítà, ẹ lọ gba ọmọ yín tọ́ ní kọ́òtù, bí orúkọ yín tiẹ̀ wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí. Àwọn obìnrin méjì kan ṣe é ní Georgia níbí, wọ́n pínyà ní Alabama, Kọ́òtù Gíga Alabama ní àwọn ò gbà á, March 2016 ni Kọ́òtù Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní irọ́ ni, ìdájọ́ kọ́òtù ìpínlẹ̀ kan, gbogbo ìpínlẹ̀ tó kù gbọ́dọ̀ gbà á. Ó máa ń dunni pé kéèyàn máa gba ọmọ tó ń sùn láyà ẹ̀ tọ́, mo mọ̀ ọ́n lára. Ìwé yẹn ṣì ni mo fi ń sùn.

Àṣàkẹ́_Houston:
Ẹ ṣeun gan-an, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ń kà á. Mo ti kọ ìméèlì yẹn, HR ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ "irú ìgbéyàwó" mọ́. A ti bá nótárì sọ̀rọ̀, àbúrò ìyàwó mi obìnrin tó fẹ́ràn wa la máa kọ sípò ẹnìkejì. Ó ku ọ̀kan. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ kí màmá òun wá kí òun, òun ò fẹ́ lé wọn, àmọ́ òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ èsì àyẹ̀wò òun fún wọn, torí gbogbo ìjọ ló máa gbọ́. Ṣé ó ṣe é yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Bísí:
Ó ṣe é yà sọ́tọ̀ dáadáa. Àbẹ̀wò lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ àìsàn lọ́tọ̀. Kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé, lẹ́nu ara ẹ̀, pé màmá òun lè wá jókòó ti òun, àmọ́ ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ àìsàn, kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹni tó bá gba iṣẹ́ máa rí i. Ọ̀pọ̀ ọsibítù á tún fún un ní nọ́ńbà àṣírí kan, ẹni tó bá pe fóònù tí kò mọ nọ́ńbà yẹn, wọn ò ní dá a lóhùn ju pé ẹ ṣeun lọ. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Tí dọ́kítà bá jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí màmá wà lórí ìjókòó, ẹ tètè dìde, ẹ ní dọ́kítà, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nínú yàrá, wọ́n máa ń mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ fi déètì iṣẹ́ abẹ síbí ká lè jọ gbàdúrà.